Obìnrin Tó Lọ Gba Ẹjọ́ Rẹ̀ Padà

Ẹ̀bìtì tí kò peku, ẹ fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún ènìyàn tí kò sì ṣe é, a ó pa á fún un. Bí ọkùnrin kan bá ń fi ọmọ ọlọ́mọ falẹ̀, tí kò fẹ́ ẹ, tí kò sì fi í sílẹ̀, a ó pa òwe náà fún un. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti bi ara rẹ̀ léèrè rí pé, ẹyìn ta ni? Kí ló sì dé tí ẹlẹ́yìn fi ní láti bèèrè ohun tó jẹ́ tirẹ̀? Àwọn tó ń pa òwe náà lójoojúmọ́ rò pé ọ̀rọ̀ eku ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eku. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni, obìnrin kan ló sì ni ẹjọ́ náà.

Ẹfúnwùmí ni orúkọ obìnrin yìí. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìjùwọ̀n ló ń gbé, láyé ìgbà tí odi ṣì yí ìlú po, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń ṣọ́ ẹnubodè. Epo ló ń ṣe tà. Ẹkù rẹ̀, ìyẹn ibi tí ó ti ń se ẹyìn tí ó sì ti ń fún epo, wà létí odò kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ìlú. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá ààrò síbẹ̀, ipasẹ̀ ìyá náà ló sì tọ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Látẹ̀jú, ni akọ̀pẹ tó ń bá a gé ẹyìn. Bí Látẹ̀jú bá fi igbà, okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, sí ìdí ọ̀pẹ, kí o tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, orí ọ̀pẹ ni o ó ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ yẹn ni àwọn méjèèjì ń jẹ.

Ọkùnrin olówó kan wá kọ́ ilé sí orí òkè tó kọjú sí odò náà. Ajíbógun ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ó kọ́lé tán, ó ránṣẹ́ sí Ẹfúnwùmí pé èéfín ẹkù rẹ̀ ń sọ ògiri òun di dúdú. Ẹfúnwùmí dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹkù ti wà níbẹ̀ kí ilé tó dé, pé òun kò sì mọ ibòmíràn tí òun lè gbé e lọ, nítorí epo kò ṣe é ṣe níbi tí kò sí omi. Ajíbógun kò tún ránṣẹ́ mọ́. Ẹfúnwùmí rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ajíbógun fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹkù, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Látẹ̀jú lóṣòó sídìí ààrò, ó ń koná. Ajíbógun kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó là á mọ́ ìkòkò epo tó ń hó lórí iná. Ìkòkò fọ́, epo gbígbóná ya lu ẹsẹ̀ ọ̀tún Látẹ̀jú láti orúnkún dé ọmọ ìka. Ọ̀pá náà dá sí méjì. Ajíbógun wo èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Látẹ̀jú tó ń yí nílẹ̀, ó ní bí èéfín bá tún rú níbẹ̀, òun yóò padà wá. Ó sì gun òkè lọ bí ẹni tó wá wẹsẹ̀ lódò.

Nígbà tí wọ́n ti gbé Látẹ̀jú dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú àwọn tí iná jó, tí ó sì ti sùn, Ẹfúnwùmí padà sí ẹkù. Láàrin àpáàdì ló ti rí orí ọ̀pá náà, èyí tí wọ́n gbẹ́ bí orí àgbò. Kò sí ẹlòmíràn ní Ìjùwọ̀n tó ń lo irú rẹ̀. Ó fi aṣọ nù ún, ó sì mú un dání.

Ní Ìjùwọ̀n, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wọ ààfin. Bí wọ́n bá ṣe ènìyàn léṣe, tàbí tí wọ́n jà á lólè, ọ̀dọ̀ Olórí Ẹ̀ṣọ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ, ní àgọ́ tó wà lẹ́bàá ẹnubodè. Olórí Ẹ̀ṣọ́ yóò gbọ́ ẹnu rẹ̀, yóò gba ohun tí ó bá fi jẹ́rìí lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò lu agogo ńlá tí wọ́n so mọ́ ìtí igi níwájú àgọ́. Bí agogo bá ti dún, gbogbo ìlú mọ̀ pé ẹjọ́ kan ti wọlé, ọba yóò sì dá ọjọ́. Ẹjọ́ tí wọn kò bá lu agogo fún, bí ìgbà tí kò ṣẹlẹ̀ ni.

Akínlàjà ni Olórí Ẹ̀ṣọ́ nígbà náà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbóhùn sókè. Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ro gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ láìfi ọ̀kan pe méjì, ó sì gbé orí ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́. Akínlàjà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì tì í sábẹ́ ẹní tí ó jókòó lé.

Ó ní, “Mo ti gbọ́, Ìyá Elépo. Pẹ̀lẹ́ o. Máa lọ sílé.”

Ẹfúnwùmí dìde. Ó wo agogo, ó wo Akínlàjà. Akínlàjà ti kọjú sí ẹlòmíràn. Obìnrin náà rò ó pé bóyá ẹlẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó lù ú, nítorí kò gbé ẹjọ́ wá sí ibẹ̀ rí. Ó ń rìn lọ sílé, ó ń tẹ́tí. Nígbà tí ó dé ìta ọjà, ariwo pọ̀, kò sì lè sọ bóyá agogo dún tàbí kò dún. Nígbà tí ó délé, ó bi obìnrin tí wọ́n jọ pín ògiri léèrè.

Ó ní, “Ṣé ẹ gbọ́ agogo ẹnubodè?”

Obìnrin náà dáhùn pé, “Agogo kẹ̀? Mi ò gbọ́ o. Àmọ́ mo wà nídìí ọlọ nígbà kan.”

Ó bi ẹlòmíràn, ìyẹn ní ó dà bíi pé òun gbọ́ ohun kan, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ. Báyìí ni Ẹfúnwùmí ṣe wọlé lọ bá àbúrò rẹ̀ láìmọ̀ bóyá ẹjọ́ òun ti wọlé tàbí kò wọlé. Látẹ̀jú bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n wí?” Ó ní, “Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.” Látẹ̀jú ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Òun náà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ààfin kò ránṣẹ́. Ẹfúnwùmí padà sí àgọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ fún un pé ọ̀gá wà lóko. Ó tún padà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí ìjà aládùúgbò méjì, ṣé kò kúkú ní lọ parí rẹ̀ nílé? Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní kí ó fẹ̀sọ̀ ronú sí i. Nígbà tí ó tún dé, Akínlàjà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ẹkù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ odò, bóyá ẹnubodè ìlà oòrùn ló ni ibẹ̀. Ẹfúnwùmí yí ìlú ká lọ sí ẹnubodè ìlà oòrùn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti ayébáyé, ìsàlẹ̀ odò kò jẹ́ tiwọn rí. Ó padà wá jíṣẹ́ fún Akínlàjà. Akínlàjà mi orí, ó ní ó ya òun lẹ́nu pé wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá ní, ẹni tí iná jó gan-an ńkọ́? Ṣé kò ní ẹnu ni? Ẹni tó ni ọgbẹ́ ló yẹ kó ro ẹjọ́ ọgbẹ́.

Ẹfúnwùmí bẹ ọkùnrin méjì lọ́wẹ̀, wọ́n fi àga gbé Látẹ̀jú lọ sí ẹnubodè nínú oòrùn. Eṣinṣin ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Látẹ̀jú ro ẹjọ́ tirẹ̀ tìrora tìrora. Nígbà tí ó parí, Akínlàjà wo ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú àánú, àánú náà kò sì jọ ẹ̀tàn lójú Ẹfúnwùmí. Ìyẹn gan-an ló tún dà á lọ́kàn rú.

Akínlàjà ní, “Mo ti gbọ́. Ẹ gbé e lọ sílé, kí oòrùn má baà pa á jù.”

Wọ́n gbé e lọ sílé. Agogo kò dún. Lọ́tẹ̀ yìí, Ẹfúnwùmí dúró sí ìdí ògiri kan títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú láti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara rẹ̀. Ṣé ó ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ tí òun kò sọ ni? Ṣé ìkúnlẹ̀ òun ni kò tó? Bí ó bá jókòó, yóò máa ro ẹjọ́ náà fún ara rẹ̀ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, yóò yí ibẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà sí òpin, yóò tún un tò. Ní gbogbo àsìkò yìí, kò dáná ní ẹkù. Ó ń bẹ̀rù pé bí èéfín bá rú, Ajíbógun yóò padà wá, àbúrò òun kò sì lè sá. Ẹyìn tí Látẹ̀jú ti gé sílẹ̀ kí iná tó jó o ń bàjẹ́ lọ lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Oúnjẹ ilé ń dín kù.

Ó gba ọ̀dọ̀ baálé àdúgbò lọ. Bàbá Ọ̀tẹ́gbadé ni wọ́n ń pe baálé náà, ó ti darúgbó, ó sì mọ òfin ìlú dáadáa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ẹfúnwùmí látòkèdélẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

Ó bi í pé, “Orí ọ̀pá yẹn dà?”

“Ó wà lọ́wọ́ Olórí Ẹ̀ṣọ́, Bàbá.”

“Háà. Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. O mọ̀ pé àbúrò ìyàwó Akínlàjà ni Ajíbógun fẹ́, àbí o ò mọ̀?”

Ẹfúnwùmí kò mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀.

Bàbá Ọ̀tẹ́gbadé ní, “Gbọ́ mi, ọmọ mi. Bí Akínlàjà bá lu agogo, ààfin yóò ránṣẹ́ pè ọ́. Bí ó bá wí fún ọ lójúkojú pé òun kò gba ẹjọ́ rẹ, èmi gan-an ni n ó mú ọ lọ bá Kábíyèsí, òfin fún mi láyè. Ṣùgbọ́n kò gbà, kò sì kọ̀. Ẹjọ́ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í já ẹjọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ.”

“Kò gbọ́ ọ, Bàbá.”

“Òun ní òun ń gbọ́ ọ.”

Ẹfúnwùmí lọ sí àgọ́ láti ibẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kọ ẹjọ́ mi ni?” Akínlàjà wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu mi?” Ó ní òun kò gbọ́ ọ. Akínlàjà ní, “Ó dáa. Máa lọ sílé.” Ó sì lọ sílé. Nígbà tí ó ń lọ, ó ṣìnà, ó gba ọ̀nà odò dípò ọ̀nà ilé, ó sì ti rìn jìnnà kí ó tó mọ̀.

Ọkùnrin àgbà kan wà ládùúgbò náà, Bàbá Ọdẹ́lànà, ẹ̀bìtì ló máa ń dẹ sí ẹ̀yìn odi. Kò ní ọ̀pẹ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn elépo ni òun àti àwọn adẹ̀bìtì yòókù ti ń gba ẹyìn tí wọ́n ń fi sábẹ́ òkúta ẹ̀bìtì kí eku lè wá jẹ ẹ́. Àdéhùn wọn ni pé bí eku bá kú, wọn yóò gbé itan rẹ̀ fún ẹlẹ́yìn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ẹfúnwùmí ṣìnà yẹn, Bàbá Ọdẹ́lànà yà sí ilé rẹ̀, ó sì tú ẹyìn díẹ̀ sínú igbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, “Ẹfúnwùmí, ẹyìn rẹ rèé. Ẹ̀bìtì kò pa nǹkan kan.”

Ẹfúnwùmí ní, “Ẹ bá jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín, Bàbá. Ẹyìn mélòó náà ni?”

“Rárá o. Ì bá ṣe pé eku kú ni, n ó gbé tìrẹ wá. Nígbà tí kò kú, kí ni n ó fi ẹyìn ẹlẹ́yìn ṣe nílé mi?” Ó bi Látẹ̀jú bí ara ṣe ń ṣe é, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹfúnwùmí jókòó ti igbá náà. Ó mú ẹyìn kan, ó yí i lọ́wọ́. Látẹ̀jú, tó ń wò ó láti orí ẹní, bi í pé kí ló dé.

Ó ní, “Mi ò ní bẹ Akínlàjà mọ́ pé kó gba ẹjọ́ mi. N ó ní kó dá a padà fún mi.”

Látẹ̀jú ní, “Bí ó bá dá a padà ńkọ́? Kí lẹ ó fi ṣe?”

“Mi ò tíì mọ̀,” ni ó wí, òtítọ́ ló sì sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí ẹnubodè. Kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo. Ó ní, “Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹjọ́ mi ni mo wá gbà. Ẹ fún mi ní orí ọ̀pá mi, n ó sì máa lọ.”

Àwọn ẹ̀ṣọ́ wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí. Bí Akínlàjà bá dá ọ̀pá padà, ó ti kọ ẹjọ́ nìyẹn, obìnrin náà yóò sì gba iwájú rẹ̀ lọ sí ààfin. Bí ó bá ní òun kò dá a padà, wọn yóò bi í pé kí ló ń fi í ṣe láìlu agogo. Ó ní kí Ẹfúnwùmí padà wá lọ́la. Ẹfúnwùmí ní òun kò níṣẹ́ kankan nílé, òun lè dúró títí di ọ̀la náà. Akínlàjà ní òun yóò bá Ajíbógun sọ̀rọ̀, yóò ra ìkòkò tuntun fún un.

“Ìkòkò kọ́ ni mo gbé wá fún yín, Bàbá.”

Wọn kò lè lé e, nítorí èèwọ̀ ni láti lé ẹlẹ́jọ́ kúrò nídìí agogo. Àwọn tó ń lọ sóko ń bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, ó ń dá wọn lóhùn pé òun wá gba ẹjọ́ òun padà ni. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko náà bi í, ó fún wọn ní èsì kan náà. Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kò dá òun náà lójú pé orí òun kò dàrú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ṣòro yé ni ẹnu kì í fi sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo ọjà ló ń bi ara wọn léèrè pé irú ẹjọ́ wo ni ènìyàn ń gbà padà, ìbéèrè náà sì gba ẹnu àwọn ìyàwó ọba wọ ààfin. Ọba ránṣẹ́ pe Ẹfúnwùmí, ó pe Akínlàjà, ó sì pe Ajíbógun.

Ẹnu Akínlàjà dùn níwájú ọba. Ó ní òun kò kọ ẹjọ́ obìnrin náà rí, kí wọ́n bi í. Wọ́n bi Ẹfúnwùmí, ó ní lóòótọ́ ni, kò kọ̀ ọ́ rí. Akínlàjà ní sùúrù ni òun ń ṣe, pé ẹjọ́ tí wọ́n bá kánjú lu agogo fún máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ìlú. Àwọn ìjòyè kan mi orí pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ẹfúnwùmí rí i pé ọ̀rọ̀ náà tún fẹ́ di ohun tí kò ní yé òun mọ́, bí ó ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò dúró kí wọ́n tún bi í.

Ó ní, “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Mi ò mọ òfin. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rojọ́. Ẹyìn ni mo mọ̀. Àwọn adẹ̀bìtì máa ń gba ẹyìn lọ́wọ́ mi. Bí ẹ̀bìtì bá peku, mo ń rí itan eku. Bí kò bá peku, wọ́n ń dá ẹyìn mi padà. Mo gbé ẹjọ́ mi fún Bàbá yìí. Wọn kò lu agogo, wọn kò dá a padà. Mo lọ sọ́dọ̀ baálé, wọ́n ní mi ò lè gbé e lọ síbòmíràn nítorí pé ó wà lọ́wọ́ Bàbá yìí. Mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa eku fún mi mọ́. Ẹ̀bìtì tí kò peku, ẹ ní kí wọ́n fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn.”

Ọba yíjú sí Akínlàjà, ó bi í pé níbo ni orí ọ̀pá náà wà.

Akínlàjà wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n gbé e lọ sílé òun kí ó má baà sọnù ní àgọ́. Ọba ní kí wọ́n lọ mú un wá. Akínlàjà ní kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n tẹnu mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí ó tún un sọ. Ó ní ìyàwó òun ti fi dáná.

Ọba ní, “Ẹ̀bìtì tí kò peku, tó tún jẹ ẹyìn.”

Ẹfúnwùmí kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Ohun tó dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó jókòó nínú oòrùn nítorí rẹ̀, ti di eérú kí ó tó lọ bèèrè rẹ̀ rárá. Ó rò pé ẹjọ́ òun ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọba ní kí wọ́n lọ gbé Látẹ̀jú wá, wọ́n sì tú aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú gbogbo ìjòyè. Ọba bi Ajíbógun pé níbo ni ọ̀pá rẹ̀ wà. Ajíbógun ní ó dá. Ọba ní, lára kí ni? Ajíbógun wo Akínlàjà, Akínlàjà kò wò ó. Àwọn obìnrin méjì tó ń fọ aṣọ lódò lọ́jọ́ náà, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ látìgbà náà, wá dìde láàrin èrò, wọ́n ní àwọn rí i.

Ìdájọ́ kò gba àkókò mọ́. Wọ́n ní kí Ajíbógun máa bọ́ Látẹ̀jú àti ará ilé rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi jinná, kí ó san owó ìtọ́jú, kí ó sì má tún sọ̀kalẹ̀ sí odò yẹn mọ́ láéláé. Wọ́n gba ipò Olórí Ẹ̀ṣọ́ àti ìdí agogo lọ́wọ́ Akínlàjà. Ọba wá ṣe òfin kan: láti ọjọ́ náà lọ, Olórí Ẹ̀ṣọ́ tó bá gba ẹjọ́, tí ọjà fi ná lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì lu agogo, kí ó dá ohun ẹlẹ́jọ́ padà lójú ẹlẹ́rìí, kí ó sì sọ pé òun kò ṣe é. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́jọ́ lè lu agogo fúnra rẹ̀, tàbí kí ó gba ọ̀dọ̀ baálé rẹ̀ wọ ààfin tààrà, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bi í pé ẹjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ta ni.

Wọ́n ní kí Ẹfúnwùmí lọ lu agogo ti ẹjọ́ tirẹ̀, kí ó lè wà nínú etí ìlú. Ó lù ú. Kò lágbára, ó sì dún bí ẹni ń kan ìkòkò. Ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn ẹ̀ṣọ́ bí ẹni tó ń bèèrè bóyá ó tó. Wọ́n ní ó tó.

Ẹsẹ̀ Látẹ̀jú jinná, ṣùgbọ́n ó súnkì, kò sì lè fi igbà sí ìdí ọ̀pẹ mọ́. Akọ̀pẹ mìíràn ló ń gé ẹyìn fún wọn, òun wá di ẹni tó ń jókòó ti ààrò. Nígbà mìíràn, àwọn ènìyàn yóò sọ fún Ẹfúnwùmí pé ó ṣe gudugudu méje, ó borí olówó. Yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé títí di òní, kò tíì yé òun ìdí tí ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kún fún àánú bẹ́ẹ̀ kò fi lè na ọwọ́ sí agogo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń wí pé, ẹ̀bìtì tí kò peku, ẹ fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Wọn kì í pa á fún ẹni tó gbìyànjú tí kò ṣe é ṣe, nítorí pé kò sí ẹ̀bìtì tó ń peku lójoojúmọ́. Ẹni tó gba ọ̀ràn ọlọ́ràn mọ́wọ́ ni wọ́n ń pa á fún, tí kò ṣe é, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Wọ́n ń fi sọ fún un pé kí ó lanu kí ó sọ pé òun kò ṣe, kí ó sì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí ìyà ń jẹ lè mọ ọ̀nà tí yóò tún gbà.